Olútìmẹ́hìn Ni Ó Yẹ Kí Ó Sá Eré Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ẹ ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa eré máìlì kan tí mo sá ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1954, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fi yẹ́ àwọn eléré ìdárayá àtijọ́ sí ní ọjọ́ àjọyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo kọ ọ́, mo fà á ya. Mo tún un kọ, mo tún fà á ya. Èyí tí ẹ ń kà yìí kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo lè fi orúkọ mi sí lábẹ́. Òtítọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ẹni tí ó kàn jù lọ ti wọ ilẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá, èmi pẹ̀lú ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, irọ́ ni ẹ ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ yín, èmi ni n óò sì jẹ́ orísun irọ́ náà.

Eléré wà nígbà náà lóòótọ́, n kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Benedict, ọmọ ìjọ Àgùdà, a máa fo okùn tí ó ga ju orí rẹ̀ lọ, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, a sì bọ́ sórí iyanrìn tí àwa fúnra wa fi orí rù wá láti etí odò. Ọlọ́runṣọlá, aṣọ́lé wa, fi àyà gba bọ́ọ̀lù kan rí tí ó dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà wọlé. Gbogbo ìyìn tí ẹ bá fún àwọn yẹn, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́runṣògo, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, jókòó sí pálọ̀ mi tí ó ń ka àwọn orúkọ fún mi, orúkọ tèmi, Olúṣẹ̀yẹ Fọláyan, ni ó ṣáájú. Mo bi í pé Olútìmẹ́hìn ńkọ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹni yẹn kọ́ ni wọ́n ní wọ́n lé nítorí pé ó parọ́ ọjọ́ orí?” Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ bú òkú. Mo ní kí ó mu omi rẹ̀.

Olútìmẹ́hìn àti èmi jọ dàgbà ní Odòde, ní Ìdànrè, ni. Kátíkíìsì ni bàbá mi nínú ìjọ Áńgílíkà. Opó ni ìyá tirẹ̀, Aládùúrà ni, oko kòkó kékeré kan ni ó ní ní ọ̀nà Aládé, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìyá Tìmẹ́hìn. Kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù ní òwúrọ̀, ọmọ yìí yóò ti ru kòkó tútù láti oko dé ibi tí wọ́n ń sá a sí, yóò sì tún fi eré padà wá. Orí àpáta ni ó ti kọ́ eré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Bí a bá ń sáré yí pápá ká, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi máa ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dé òpin, yóò yíjú sí mi, yóò ní, “Ṣẹ̀yẹ, ìwọ nìkan lo mọ ibi tí ṣòkòtò mi ti ya. Bá mi sọ fún ìyá mi kó rán an.” Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà kankan nínú ẹ̀fẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo máa ń gbé e lọ sílé, mo sì máa ń sùn tì í.

Ní Sátidé kan, àwa méjèèjì gun òkè lọ sí ìlú Ìdànrè àtijọ́. Ilé tiwa ti wó níbẹ̀, igbó ti bò ó. Ògiri ilé tiwọn ṣì dúró, èéfín ààrò ṣì dúdú lára rẹ̀. Ó nàka sí yàrá kan, ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun bí òun sí. Mo bi í pé kí ló dé tí tiwọn kò wó. Ó sọ ohun tí àwọn àgbà ilé wa náà ti sọ létí mi rí. Nígbà tí ìlú ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sí Odòde, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo agbo ilé sọ̀kalẹ̀. Baálé ilé tiwọn ti darúgbó, ó sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní ibi tí àwọn baba òun sùn sí ni òun yóò sùn sí. Ta ni yóò fi baálé sílẹ̀ lókè kí ó wá máa kọ́lé nísàlẹ̀? Gbogbo ilé dúró tì í, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ilé tiwa ti sọ̀kalẹ̀. Ọdún tí ó kẹ́yìn nínú mẹ́rin yẹn ni wọ́n bí Olútìmẹ́hìn. Wọ́n sin bàbá arúgbó náà, wọ́n pọn ìkókó náà, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi dúró lé. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa sí eré ìdárayá ní Àkúrẹ́, òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ogún ọdún kò gbọdọ̀ sáré. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó eré, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, yan Olútìmẹ́hìn fún máìlì kan, ó sì fi èmi ṣe ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe é. Ará Ẹ̀gbá ni Tíṣà, kò tíì pẹ́ ní ìlú wa, kò sì gbọ́ ẹnu Ìdànrè. Ó ní kí oníkálukú mú ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ wá. Àwa ọmọ Áńgílíkà àti àwọn ọmọ Àgùdà mú káàdì ìrìbọmi wá, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn Aládùúrà kì í ri ìkókó bọmi. Olútìmẹ́hìn kò ní káàdì kankan. Tíṣà bá ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó ní kí Olútìmẹ́hìn dúró lóde lábẹ́ igi máńgòrò kí ó má baà fi ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó sì pè mí wọlé láti ṣe ògbufọ̀.

Ó ní kí n bi í pé ọdún wo ni ó bí ọmọ rẹ̀. Ìyá Tìmẹ́hìn dáhùn pé òun kò mọ ọdún àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n orí òkè ni òun bí i sí, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ilé àwọn sọ̀kalẹ̀. Mo yíjú sí Tíṣà, mo fi òyìnbó sọ fún un pé ó ní orí òkè ni òun bí i sí, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀, èmi náà sì ti fi ìyẹn tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n mo yọ ilé wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo yọ ọ́. Tíṣà fi òyìnbó bi mí pé ọdún wo ni ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀. Mo sọ ọdún tí ilé tiwa sọ̀kalẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Olútìmẹ́hìn ti kọjá ogún ọdún dáadáa.

Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ìkà. Ó tún bi mí pé, “Ṣé gbogbo ilé ló jọ sọ̀kalẹ̀? Kò sí èyí tó kẹ́yìn?” Ọlọ́run fi ìbéèrè yẹn ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wo ìyá náà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ìyá ti í ṣe sí ọmọ tí ó ń sọ èdè tí òun kò gbọ́. Mo ní, “Rárá, sà. Gbogbo wa la jọ sọ̀kalẹ̀.” Tíṣà gbé Bíbélì sórí tábìlì, ó ní kí ìyá náà búra sí ohun tí ó sọ. Ó kọ̀. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìjọ àwọn kò gbà kí ènìyàn búra, pé Olúwa ti ní kí bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mo gé gbogbo rẹ̀ kúrú, mo ní, “Ó ní òun kò ní búra, sà.” Tíṣà mirí. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ọmọ kátíkíìsì ni ọ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè búra sí èyí tí o sọ?” Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé Bíbélì, mo sì búra. Ìyá Tìmẹ́hìn kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ọwọ́ mi lórí Bíbélì ni ó rí, ó sì rò pé nítorí ọmọ òun ni. Nígbà tí a jáde, ó dì mí mú léjìká, ó ní, “Ohun tí ẹ̀sìn mi kò jẹ́ kí n ṣe, o bá mi ṣe é.” Olútìmẹ́hìn gbọ́ ọ níbi tí ó dúró sí. Ó sáré wá, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́, inú rẹ̀ dùn.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ni ó burú dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Tíṣà yọ orúkọ Olútìmẹ́hìn, ó sì kéde pé òun yóò nà án níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, nítorí pé ó parọ́ ọjọ́ orí. Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí mo ti ń fọ ṣòkòtò eré. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Ṣẹ̀yẹ, ẹnu mi ni mo fi pa ọmọ mi. Mo ní orí òkè, ó jọ pé kò yé e pé ilé wa ló kẹ́yìn. Ṣé o sọ fún un?” Mo ní, “Mo sọ fún un, ìyá. Kò gbà.” Ó ní kò burú, pé Bàbá Olúsànmí, àgbà ilé àwọn, ṣì wà láyé, bàbá náà ló ru ẹrù tó kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀, òun yóò sì mú un lọ bá Tíṣà ní ọjọ́ Ajé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọwọ́ mi dúró nínú omi ọṣẹ. Mo rí i pé bí bàbá yẹn bá dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò mọ ohun tí mo fi Bíbélì ṣe. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà náà, kí n jẹ ẹgba tèmi, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní bí ẹnikẹ́ni bá tún wá sọ ọ̀rọ̀ yìí, òun yóò pe ọlọ́pàá Àkúrẹ́ kí wọ́n wá mú Tìmẹ́hìn. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹgba náà, kó tán síbẹ̀.” Tíṣà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Orí ahọ́n mi ni mo ti rí i. Ìyá náà jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ó gbàdúrà, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èmi náà ṣe aláìní ẹni tí yóò dúró fún mi ní ọjọ́ ìpọ́njú. Mo ní àmín. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, àmín yẹn ni n kò lè gbé.

Wọ́n nà án ní ọjọ́ Ajé. Kò sunkún. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Tíṣà ní kí ó dákẹ́, pé ẹnu ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Nígbà tí wọ́n nà án tán, wọ́n ní kí ó kó ìwé rẹ̀, kí ó má padà mọ́. N kò mọ̀ pé wọn yóò lé e. Ẹ wò ó, mo tún ń gbèjà ara mi. Bí mo bá tilẹ̀ mọ̀, n kò rò pé ǹ bá sọ̀rọ̀, nítorí ní gbogbo àkókò tí pàṣán ń ró, ohun tí mo ń rò ni ibi tí n óò ti rí bàtà eré.

Ọmọ tí wọ́n lé yìí tẹ̀ lé wa dé Àkúrẹ́. Wọn kò gbà á sínú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó gun lọ́rì tí ó ń kó kòkó. Ó wá mi kàn lẹ́yìn ibi tí a ti ń múra, ó ní, “Má bá wọn sáré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Oǹdó yẹn máa jáde bí ẹni tí agbọ́n lé, jẹ́ kó máa lọ. Tó o bá dé igun tó kẹ́yìn, má wo ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn tèmi nìkan ló mọ́ ẹ lára, mi ò sì sí níbẹ̀ lónìí.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ọmọ Oǹdó náà jáde bí ó ti sọ, ó sì rẹ̀ ẹ́ níbi tí ó ní yóò ti rẹ̀ ẹ́. Ní igun tó kẹ́yìn, ohùn Olútìmẹ́hìn ni mo gbọ́ nínú gbogbo èrò. Mo gba ipò kìn-ín-ní. Òun ló gbé mi sí èjìká yí pápá ká, ibi tí mo wà lókè ni mo sì ti rí ojú pàṣán tí ó là á lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe èyí ní eré tó dára jù nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹsẹ̀ tèmi ló sá a, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ ni.

Nítorí eré náà ni ọ̀gá kan tí ó wà lórí pápá ní ọjọ́ yẹn ṣe mọ̀ mí, òun ló sì gbà mí sí iṣẹ́ akọ̀wé ní Àkúrẹ́ nígbà tí mo jáde ìwé. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olútìmẹ́hìn lọ sí oko kòkó ní Aládé, ó sì kú síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Wọ́n sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀, kò dìde jẹ́rìí mọ́ nínú ìjọ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n mọ̀ sí ẹlẹ́rìí tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹnu òun ti ṣe òun ní ibi. Ó kú pẹ̀lú èrò yẹn. Ọmọ rẹ̀ kò sì fi mí sílẹ̀. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, yóò gbé e wá fún mi, yóò sì sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá wọn ni ọ̀rẹ́ tí kì í sá. Mo gbìyànjú láti sọ fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀fun mi, n óò bi í pé báwo ni kòkó ṣe ṣe lọ́dún yìí.

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ní oṣù tó kọjá, Olúrónkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dìde láti sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún àwọn pé ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ lé Bíbélì nítorí òun. Ó ní kí n dìde kí àwọn ènìyàn rí mi. Mo dìde. Pósí wà níwájú mi, mo sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo lọ bá Olúrónkẹ́ ní Aládé. Ó ń tú kòkó ká lórí ẹní nínú oòrùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí bóyá ìyá bàbá òun ló tètè kú kí n tó ráyè sọ ọ́ fún un ni, àbí n kò fẹ́ sọ ọ́. Mo ní n kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá mi ńkọ́?” Mo ní bákan náà ni. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, “Ẹ má bẹ̀ mí níbí, sà. Iwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti na bàbá mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, mo máa mọ èsì tí màá fún yín.” Ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú kòkó rẹ̀. N kò mọ èsì tí yóò fún mi. Kò sì tọ́ kí n ti mọ̀ ọ́n kí n tó kọ èyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré lórí pápá wa lónìí, n kò ní ọgbọ́n púpọ̀ láti fún yín. Bí ẹnì kan bá yá ju yín lọ, ẹ jẹ́ kí ó yá jù yín. Ìtìjú ẹni tí ó ṣe ipò kejì kì í ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Èmi ti gbé ìtìjú ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó, kò sì tíì fúyẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ yọ orúkọ mi. Ní ọjọ́ àjọyọ̀ náà, nígbà tí ẹ bá kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jọ, ẹ pe Olútìmẹ́hìn sí ibi tí ẹ fẹ́ pè mí sí, kí Olúrónkẹ́ jáde wá gba ohun tí í ṣe ti bàbá rẹ̀. N óò wà níbẹ̀, n óò dúró, n kò ní jókòó. Bí ẹ bá sì ti pe orúkọ rẹ̀ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún sọ fún wọn, kí gbogbo wọn gbọ́, pé òtítọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ.